Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Téṣàn Rélùwéè Àtijọ́ Tó Wà Nílùú Yín

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tá a ti ní kẹ́ ẹ fi ìbéèrè nípa rélùwéè ránṣẹ́ ni lẹ́tà ti ń wọlé wìtìwìtì, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ti àwọn tó dàgbà sétí ojú irin, tí wọ́n ń gbọ́ fèrè rẹ̀ lóru kí wọ́n tó mọ ibi tó ń lọ. Mo ti pa àwọn tó jọra pọ̀. Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ìlú wa wà láàárín Òṣogbo àti Ọ̀fà, kì í ṣe ìlú ńlá rárá, àmọ́ a ní téṣàn rélùwéè tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá àgbà mi. Kí ló dé táwọn Òyìnbó fi wá kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ìlú kékeré? Àwọn àgbà kan ní ọba ìgbà yẹn ló bẹ̀ wọ́n.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ béèrè. Ọba lè ránṣẹ́, ìjòyè lè bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó gbé ojú irin gba ọ̀dọ̀ yín ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹrù ni, omi sì tún wà ńbẹ̀. Màá ṣàlàyé.

Ẹ rántí pé ogun ló wà nílẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi jà, Ìkìrun tó wà nítòsí yín yẹn náà ni ogun Jálumi ti wáyé ní 1878, àwọn ará Ọ̀fà náà bá Ìlọrin fà á títí ìlú fi tú. Ìgbà tó di 1893 ni Gilbert Carter tó jẹ́ gómìnà Èkó rìnrìn àjò wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí àdéhùn dúró, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ibùdó ká. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, ní 1896, iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó l'Ékòó. Kì í ṣe pé ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ti là, wọ́n sì fẹ́ ekùrọ́, epo, òwú, gbogbo irè oko tó wà lókè ọ̀hún, orí alááru ló sì ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá sísàlẹ̀, kí alááru tó ti Òṣogbo dé Èkó owó tí wọ́n máa san fún un ti jẹ èrè ẹrù tán.

Bó ṣe rìn nìyí: ojú irin gba Ọ̀tà, ó gba Abẹ́òkúta, ó dé Ìbàdàn lápá ìparí 1900, wọ́n sì ṣí i ní March 1901. Ó dúró síbẹ̀ fún bí ọdún mélòó kan kí wọ́n tó tún gbé e dìde, ó wọ Òṣogbo ní 1907, Ìlọrin 1908, Jẹ́bà létí odò Ọya 1909. Tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé àárín 1907 sí 1908 ni ojú irin gba ìlú yín kọjá. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tó jẹ́ ọmọ ogun, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, nígbà tí Kírìjì tú ká, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta nígbà tí rélùwéè fọn fèrè ní Òṣogbo. Èèyàn kan náà, ojú kan náà ló rí méjèèjì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìlú kékeré. Ojú irin kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́, ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ò lè pàdé lórí ẹ̀, àfi kí wọ́n máa wá ibì kan láàárín méjì tí ojú irin máa ti là sí méjì, kí ọ̀kan yà síbẹ̀ kó dúró de èkejì. Ibi tí wọ́n bá ti ṣe irú ẹ̀, dandan ni kí èèyàn wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru tó máa fún ọkọ̀ láyè. Ẹ tún wò ó, ẹ̀ńjìnnì ìgbà yẹn, omi ló ń sè tí ooru rẹ̀ fi ń ti ọkọ̀ lọ, omi ọ̀hún sì ń tán lójú ọ̀nà, òun ló fà á tẹ́ ẹ fi ń rí tánkì onírin gàgàrà létí àwọn téṣàn kan títí dòní. Torí náà bí ìlú yín ì bá jẹ́ abúlé ilé mẹ́wàá, tó bá ti bọ́ sí ibi tó yẹ kí ọkọ̀ ti dúró, téṣàn máa wà níbẹ̀. Ẹrù àgbègbè ló wá máa pinnu bóyá ó máa tóbi.

Àmọ́ o, wọn ò kọ́ ọ fún wa ni mo máa ń sọ fáwọn èèyàn, àwa la sọ ọ́ di tiwa. Wọ́n kọ́ ọ kí irè oko lè sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, àwọn èèyàn wa wọkọ̀ kan náà wọ́n gba òkè lọ. Ojú irin dé Kano ní 1911, wọ́n so ti Èkó àti ti òkè pọ̀ di ọ̀kan ní 1912, láti ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká ti ń kún Sábó Kano, Zaria, Jos, Kaduna, tí wọ́n ń ṣòwò tí wọ́n ń fi owó kọ́lé sílé. Obì gbànja láti Agége àti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń gòkè lọ, màlúù ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀. Lẹ́tà, wáyà, ìwé ìròyìn, ìyàwó tuntun, òkú tí wọ́n ń gbé bọ̀ wálé, pèpéle téṣàn yẹn ni gbogbo wọn sọ̀ sí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní téṣàn yẹn jẹ́ nǹkan àwọn Òyìnbó, ẹ má gbà fún un. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni wọ́n fi ṣá igbó, òun ni wọ́n fi gbẹ́ òkè, òun náà ni wọ́n fi ru irin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ṣẹlẹ̀ tí Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ ò fi ní rélùwéè, tí àwọn ìlú tí ò tó wọn sì ní? Ṣé ẹ̀tanú ni?

ÌDÁHÙN: Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tí ojú irin kúrò n'Íbàdàn, apá Ìwó, Ẹdẹ àti Òṣogbo ló yà sí, ó wá gba Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, nípa bẹ́ẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí òsì, Ifẹ̀ àti Iléṣà bọ́ sí ọ̀tún. Táyà irin lórí irin kì í rí ilẹ̀ gbá mú dáadáa, ẹrù tó bá pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ńjìnnì, òkè tí mọ́tò máa fẹsẹ̀ kan gùn, ọkọ̀ ojú irin ò ní lè gùn ún, ìdí nìyẹn tí àwọn sọ̀fíyọ̀ tó ń wọn ilẹ̀ fi máa ń wá ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹni tó bá mọ òkè Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀yọ́ ò sì lọ lọ́wọ́ òfo, wọ́n ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ ní 1906, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tó wá di Nàìjíríà, kó lè máa kó ẹrù wá fún rélùwéè. Ìgbà yẹn, rélùwéè ni ọ̀gá, ọ̀nà mọ́tò ni ọmọọ̀ṣẹ́.

Àǹfààní tí ojú irin ṣe fún ìlú tó bá gbà kì í ṣe kékeré ṣá o. Ẹ wo Òṣogbo, kí 1907 tó dé ó ní ọjà tiẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lẹ́yìn tí rélùwéè dé ni àwọn ilé ìṣòwò Òyìnbó bíi John Holt rọ́ wá síbẹ̀, tí àwọn tó ń ra kòkó àti ekùrọ́ kọ́ ilé ẹrù sí gbogbo ìtòsí téṣàn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí téṣàn ilé wa fi jìnnà sí ààfin àti ọjà tó bẹ́ẹ̀ yẹn? Mo tún ṣàkíyèsí pé gbogbo téṣàn àtijọ́ jọra, bí ìbejì.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣàkíyèsí dáadáa. Ibi tí ojú irin ti máa là sí méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní láti gùn tó odindi ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú gbogbo wágọ́ọ̀nù tó fà, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí ọkọ̀ má bàa yọ̀ padà sẹ́yìn nígbà tó bá dúró. Níbo lo ti fẹ́ rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín agbo ilé? Kí wọ́n tó máa wó ilé onílé, kí wọ́n máa hú sàréè, wọ́n á kúkú gba ẹ̀yìn ìlú. Ìlú ló wá ń rìn lọ bá téṣàn díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà tó so ààfin mọ́ téṣàn á di ojú títì tó láriwo jù, ṣọ́ọ̀bù á wà lọ́tùn-ún lósì.

Ti jíjọra, ìjọba kan náà ló ń kọ́ wọn, pẹ̀lú pílánì kan náà. Tó o bá délé, lọ wò ó fínnífínní. Wàá rí pèpéle tó gùn tó ga sókè díẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè dọ́gba mọ́ ọkọ̀, wàá rí ilé tẹ́ẹ́rẹ́ tí òrùlé páànù rẹ̀ yọ síta bo pèpéle kí òjò àti oòrùn má pa èrò, wàá rí fèrèsé kékeré tí igi rẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ tó ti fi owó gba ibẹ̀ kọjá gba tíkẹ́ẹ̀tì, tíkẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn páálí kékeré ni, kò ju ìka méjì lọ. Lẹ́yìn náà wo ilé ẹrù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹrù tóbi ju ibi tí wọ́n kọ́ fún èèyàn lọ, ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá. Bẹ̀rẹ̀ wo ojú irin náà. Àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀, 1,067 mm, ó kéré sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, torí pé tóóró ò gbówó lórí, ó sì ń rọrùn láti yípo òkè. Irin ni wọ́n tún fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun tó dábùú sábẹ́ rẹ̀, nítorí ikán.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa àgbà ṣiṣẹ́ ní téṣàn nígbà ayé wọn, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé àwọn máa ń na òrùka irin ńlá kan sí dẹrẹ́bà ọkọ̀ ojú irin, á sì fi apá gbà á lórí ìrìn láì dúró. A rò pé àlọ́ ni. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ pọ́ńbélé ni! Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an torí pé ọgbọ́n tó wà nínú nǹkan yẹn ga.

Tókìnì ni wọ́n ń pè é. Òrùka tí bàbá yín ń sọ, ohun ìdìmú lásán ni, ó ní àpò aláwọ kékeré kan tó rọ̀ mọ́ ọn, inú àpò yẹn ni tókìnì gan-an wà, irin kékeré tí wọ́n kọ orúkọ téṣàn méjì sí, téṣàn tí ọkọ̀ ń kúrò àti èyí tó ń lọ. Ẹ̀rọ kan wà ní téṣàn kọ̀ọ̀kan tó ń kó àwọn tókìnì yìí pamọ́, wáyà iná sì so ẹ̀rọ téṣàn kan mọ́ ti ìkejì. Tí sitéṣọ̀n másítà bá fẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ, á tẹ aago sí ẹnìkejì rẹ̀ ní téṣàn iwájú, ṣé ọ̀nà mọ́? Tí tọ̀hún bá dáhùn, tó sì di bọ́tìnnì tiẹ̀ mú, ìgbà yẹn nìkan ni ẹ̀rọ máa tú tókìnì kan ṣoṣo sílẹ̀. Gbàrà tí ọ̀kan bá ti jáde, ẹ̀rọ méjèèjì á tì pa. Bí sitéṣọ̀n másítà bá fẹ́, bí kò bá fẹ́, bó bá mutí yó, bí ọ̀gá ńlá bá ń pariwo lé e lórí, kò lè yọ ìkejì jáde àfi tí ti àkọ́kọ́ bá ti padà wọ inú ẹ̀rọ ní èyí tó bá wù ó nínú téṣàn méjèèjì. Dẹrẹ́bà tí kò bá ní tókìnì lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò. Torí náà kò ṣeé ṣe kí ọkọ̀ méjì wà lórí ojú irin kan náà láàárín téṣàn méjì.

Ẹ wá ro irú iṣẹ́ tí bàbá yín ń ṣe. Lóru, nínú òjò, pẹ̀lú láńtà lọ́wọ́ kan àti òrùka lọ́wọ́ kejì, ọkọ̀ ń bọ̀ gìrìgìrì, ẹ̀mí gbogbo èrò inú rẹ̀ wà nínú àpò aláwọ yẹn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa tó ti dàgbà gan-an ní ọdún kan wà nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé tí rélùwéè ò kọjá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tí téṣàn dákẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ilé. Ọdún wo nìyẹn, kí ló sì fà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí Màmá o, kí Ọlọ́run túbọ̀ lóra ẹ̀mí wọn. 1945 ló máa jẹ́. Látìgbà ogun Hitler ni ọjà ti gbówó lórí kọjá sísọ, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ò sì kúrò lójú kan. Wọ́n ní kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn nítorí ọ̀wọ́n ọjà, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ má sì dín sí ṣílè méjì àti sísì, ìjọba kọ̀, ni wọ́n bá yanṣẹ́ lódì lóṣù June, ó sì lé lóṣù kan kó tó parí. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló wà níwájú, Michael Imoudu sì ni olórí ẹgbẹ́ wọn, ọkùnrin tí ìjọba ti lé kúrò l'Ékòó lọ sí Auchi ní 1943 nítorí ohùn rẹ̀ tó le, tí àwọn èèyàn Èkó sì tú jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tó padà. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi ìdajì yẹn kún un.

Ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ wọn le ni ojú irin fúnra rẹ̀. Ìròyìn tó bá kúrò ní Ìddó láàárọ̀, wáyà á ti gbé e dé téṣàn yín kó tó di ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ tó wà ní téṣàn kékeré lókè Ọ̀ṣun mọ̀ pé òun àti àwọn tó wà ní Kano jọ wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ti kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè wo ojú ìjọba kó sọ pé rárá.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló wá pa rélùwéè yìí? Rélùwéè tuntun tó wà báyìí ńkọ́, ṣé ó máa jí téṣàn wa?

ÌDÁHÙN: Wọ́n máa ń ní mọ́tò ló pa á. Láti àwọn ọdún 1920 ni lọ́rì ti ń bá a du ẹrù lóòótọ́, nígbà tí owó epo rọ̀bì sì dé láwọn ọdún 1970 ojú títì ńláńlá ni ìjọba dojú kọ, ti Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 1978, tírélà gba gbogbo ẹrù. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé mọ́tò nìkan ni. Ojú irin tí wọ́n tẹ́ ní 1907, tí ọkọ̀ ò lè sáré lórí ẹ̀, tí ẹ̀ńjìnnì bàjẹ́ tí kò sí ohun èlò láti tún un ṣe, tí òṣìṣẹ́ ń ṣe oṣù mélòó kan láìgbowó, ta ló fẹ́ máa wọ ìyẹn? A ò tọ́jú ẹ̀, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Lópin àwọn ọdún 1980 gbèsè ti mu ún dé ọrùn.

Kò tíì kú pátá ṣá. Wọ́n tún ojú irin àtijọ́ ṣe, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti Èkó sí Kano lóṣù December 2012. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ti fi rélùwéè ọ̀fẹ́ kó àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ wọn láti Èkó wá sí Òṣogbo nígbà Iléyá àti ọdún Kérésì, àwọn ọmọdé tí ò wọkọ̀ ojú irin rí láyé wọn sì wà nínú rẹ̀. Ti tuntun, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 2021 láti Èkó sí Ìbàdàn, òun ní ojú irin tirẹ̀ tó fẹ̀ jùyẹn lọ, 1,435 mm, ẹ̀ńjìnnì àtijọ́ ò lè gun orí ẹ̀, téṣàn tuntun ni wọ́n sì kọ́ fún un, Mọ́níyà n'Íbàdàn ló dúró sí. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè Ìbàdàn, ojú irin àtijọ́ ni tiyín ṣì jẹ́, òun náà sì ni téṣàn yín ń retí.

ÌBÉÈRÈ: Tísà ni mí, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ ìtàn téṣàn ìlú wa sílẹ̀. Ibo la máa ti bẹ̀rẹ̀ sà?

ÌDÁHÙN: Tísà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun! Àgbàlagbà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá, ìwé lè dúró dè yín, àwọn àgbà ò lè dúró. Ẹ má kàn béèrè pé "ẹ sọ ìtàn téṣàn fún wa", wọ́n á ní "ó dára nígbà yẹn", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ béèrè ohun tó ṣeé dì mú: kí ni wọ́n ń tà lórí pèpéle, ta ló ń tà á, ọkọ̀ wo ló ń dé lóru, ibo ni sitéṣọ̀n másítà ti wá, èdè wo ló ń sọ, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì dé Èkó. Ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà. Àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ má gbàgbé, torí ẹni gbogbo ló máa ń sáré lọ bá àwọn ọkùnrin tó wọ yunifọ́ọ̀mù, àwọn tó ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀ sì mọ àkókò rélùwéè ju ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní fáìlì ìgbà ìjọba Òyìnbó. Tẹ́ ẹ bá lè kó àwọn ọmọ dé Èkó, ẹ mú wọn lọ sí Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé pákó ńlá tó ti wà láti 1898, ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún un ṣe, ó sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè, àwọn ọmọ máa rí tíkẹ́ẹ̀tì, láńtà àti fọ́tò níbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó wọ téṣàn yín láti wọn ilé tàbí ya fọ́tò, ẹ gba àṣẹ, ilẹ̀ rélùwéè ni, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má rìn lójú irin, ọkọ̀ ẹrù ṣì lè kọjá nígbàkúùgbà.

Tí ìdílé kan bá mú fọ́tò àtijọ́ jáde, ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn wẹ́rẹ́, ẹ má fi báírò tẹ̀ ẹ́, yíǹkì máa ń la iwájú. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, kẹ́ ẹ sì dá a padà fún wọn lọ́jọ́ náà. Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán, kó má ju ojú ewé mẹ́ta lọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú orúkọ kíláàsì yín, a máa tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ewé yìí.